Níbo ni a ti lè wo eré àti iṣẹ́ ọnà lójúkojú ní Òṣogbo?

Àlejò Òkè-Fìà:

Mo kí gbogbo ilé o. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni èmi àti ọkọ mi kó wá sí Òṣogbo láti Èkó nítorí iṣẹ́, Òkè-Fìà ni a sì ń gbé. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kì í fi ìwé ìyàwòrán sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ bí ó bá ti gbọ́ ìlù. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Màmá wà ní ọ̀dọ́, wọ́n fi ojú ara wọn wo Dúró Ládípò nínú eré Ọba Kòso, títí di òní ni wọ́n sì ń sọ bí iná ṣe ń jáde lẹ́nu Ṣàngó lórí ìtàgé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé Òṣogbo ni à ń kó lọ ni wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí a ó mú wọn lọ wo eré.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ìtìjú sí mi lára, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè mú wọn lọ. Ẹnikẹ́ni tí mo bá bi ní àdúgbò ń sọ pé kí n dúró di oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi ojú rí, kí ó fi etí gbọ́ ní ìlú yìí ní oṣù mọ́kànlá yòókù ni? Àwa kì í mu ọtí, a kò sì fẹ́ ibi tí àwọn ọmọ yóò wà títí di òru. Orúnkún ń dun Màmá, nítorí náà ìrìn púpọ̀ kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ káàbọ̀ sí Òṣogbo ìlú aró, ẹ̀yin ìyá ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín rárá. Ohun tí ó máa ń da àwọn tí wọ́n ti Èkó wá láàmú ni pé gbọ̀ngàn tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wá, èmi tí a bí sí ìlú yìí kò sì lè na ìka sí ọ̀kan tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé eré yóò wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Inú igbó ni tiwa wà, ó wà ní agbo ilé, ní ojúde ààfin, àti ní ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́, tí ó sì mọ ẹni tí yóò bi, kò ní sọ pé ìlú yìí dákẹ́.

Igbó Ọ̀ṣun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lọ síbẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó dé. Ní ọjọ́ tí ọdún bá ku ọ̀la, ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn nìkan ni ọmọ yín yóò rí yà. Àmọ́ bí ẹ bá lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí ayẹyẹ, ẹ ó gbọ́ ìró omi, ẹ ó sì lè dúró níwájú ère kan títí ojú yín yóò fi mọ̀ ọ́n. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ohun ìní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè níbẹ̀ bóyá owó ẹ̀rọ ayàwòrán yàtọ̀ sí owó ìwọlé, kí ẹ má baà wọlé tán kí ó wá di àríyànjiyàn.

Ẹ sọ ìtàn àwọn tí wọ́n ṣe àwọn ère náà fún ọmọ yín kí ẹ tó lọ. Susanne Wenger, tí àwa ń pè ní Àdùnní, jẹ́ ọmọ ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó sì wà láàárín wa títí ó fi jáde láyé ní oṣù kìíní ọdún 2009. Nígbà tí ojúbọ ń wó, tí àwọn ènìyàn sì ti ń fi ojú sí ilẹ̀ igbó náà láti fi dáko àti láti fi kọ́lé, òun àti àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ láti tún un ṣe. Adébísí Àkànjí tí ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, bíríkìlà ni kí ó tó di ẹni tí ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ère. Bùráímọ̀ Gbádámọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé náà wà níbẹ̀, igi gbígbẹ́ sì ni iṣẹ́ ọwọ́ Àkàngbé. Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rò pé ọwọ́ òyìnbó kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ní ti Màmá, ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ níbi gbogbo. Ẹ sọ fún amọ̀nà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn pé àgbàlagbà wà pẹ̀lú yín, kí ó mú yín gba ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ sí ojúbọ àti etí odò, kí Màmá jókòó síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin yòókù bá ń rìn. Ẹ má mú oúnjẹ lọ́wọ́ gbangba nítorí àwọn ọ̀bọ. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja, kì í dọdẹ, kì í sì gé igi níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu omi odò náà bí ẹ bá tilẹ̀ rí àwọn tí ń mu ún, nítorí iṣẹ́ àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó sì ń dùn wá dé egungun.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:

Ẹ bá mi kí Màmá o. Inú mi dùn láti gbọ́ pé ẹni tí ó fojú rí Ọba Kòso ṣì ń bẹ láàárín wa. Mo fẹ́ dáhùn apá ti eré orí ìtàgé, nítorí òun ni ó jẹ mí lógún jù lọ.

Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípò àti Ulli Beier, olùkọ́ ará Jámánì kan, dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo yìí. Ìlú Ìbàdàn ni Mbárí àkọ́kọ́ wà, láti èdè Ìgbò ni orúkọ náà sì ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí èdè tiwọn pé, bí mo bá rí i, ma bá yọ̀. Ilé Ládípò fúnra rẹ̀ ni ó di ibi ìṣeré àti ibi ìpàtẹ àwòrán. Inú ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ orin kíkọ, ìlù tí ó mú wọ inú orin ọdún Àjíǹde sì dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìjọ. Ọba Kòso jáde ní ọdún 1963, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n ti gbé e dé ìlú Berlin. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún Dúró-Ládípò, ni ó ṣe Ọya. Léré Pàímọ́ sì ni Gbọ̀nkáà. Òṣogbo yìí náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn. Ẹ wo bí ìlú kan ṣe kún tó! Ládípò kú ní ọdún 1978, Ògúnmọ́lá ti ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1973, nígbà tí fídíò sì dé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kù fi ọkọ̀ àti ìtàgé sílẹ̀, wọ́n lọ ń ṣe fíìmù.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ sọ òtítọ́ fún Màmá pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, kò sí mọ́. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí wọ́n fi lè tún rí eré wò.

Èkíní ni Ilé-Ifẹ̀, tí ọkọ̀ lè gbé yín dé láàárín wákàtí kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré oníṣe wà ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n sì ní ibi ìṣeré kan tí a ń pè ní Pit Theatre, yàtọ̀ sí Gbọ̀ngàn Odùduwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe eré níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ wọn, pàápàá nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ sí òpin. Owó tí wọ́n ń gbà kì í wọni lọ́rùn, wọ́n sì ń fi gbogbo ara ṣe é nítorí máàkì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹnì kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí ìyanṣẹ́lódì lè sọ ìrìn àjò náà di asán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ wà níbẹ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti ń gbọ́ ọjọ́ eré. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ara yín.

Èkejì ni ilé iṣẹ́ àṣà ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ó wà ní Abẹ́rẹ́, tí a ṣí ní ọdún 2009. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àti àwòrán tí Ulli Beier kó jọ wà. Bí wọ́n bá ní ìpàtẹ tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìlù àti ijó sábà máa ń bá a rìn. Ẹ yà síbẹ̀ kí ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni eégún aláré. Èyí ni baba gbogbo eré tí Màmá mọ̀. Kí àwọn Ògúnmọ́lá tó dé ni àwọn ọ̀jẹ̀ ti ń pa ìdán ní ojúde ọba. N óò fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Àyàn Erin:

Ẹ ṣeun, bàbá olùkọ́. Ọmọ Erin-Ọ̀ṣun ni mí, ìlú wa kò sì jìnnà sí Òṣogbo rárá. Ilé àyàn ni a bí mi sí, ilé ọ̀jẹ̀ sì ni ìyá mi ti wá, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí eégún aláré bá jáde, ìbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jú. Lẹ́yìn náà ni ijó yóò tẹ̀lé e, tí àwọn ọ̀jẹ̀ yóò máa jó sí ohun tí bàtá bá sọ. Ìgbà náà ni ìdán yóò wá bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kan náà tí ẹ rí lára eégún yóò yí padà lójú yín, yóò di aṣọ mìíràn. Eégún yóò di erè tí ń wọ́ nílẹ̀, yóò di ọ̀nì, yóò sì di òyìnbó tí ó ní imú gígùn, tí ń jó ijó òyìnbó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Bí òkìkí eré bá ń kan yín létí pé ó wà ní ìlú kan nítòsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ibẹ̀ bóyá eégún aláré ni tàbí eégún mìíràn, nítorí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ń ṣọ́ra fún, tí obìnrin kì í sún mọ́. Ti aláré jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹ jókòó sí apá ibi tí àwọn ìyá onílé bá jókòó sí, kò sí ohun tí yóò ṣe yín.

Ní ti ọmọ yín kékeré tí ara rẹ̀ kì í gbà á bí ó bá gbọ́ ìlù, ẹ mú un wá sí agbo ilé onílù. Ọmọ tí ń kọ́ bàtá kì í fi ọwọ́ kọ́kọ́ kàn án. Ẹnu ni yóò fi pe ohùn ìlù náà fún ìgbà pípẹ́, kí etí rẹ̀ lè mọ ohun tí ìyá ìlù ń sọ àti bí omele ṣe ń dáhùn. Òtítọ́ ni pé bàtá ṣòro gbọ́ ju dùndún lọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gé-gé-gé, ó sì le, nígbà tí dùndún ń fà á gùn bí ẹni ń kọrin. Ọmọ tí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gúdúgúdú, tí ó mọ bí a ti ń di ìwọ̀n mú, yóò rí i pé nǹkan rọrùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa owó, nítorí ó ti da ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ rú lójú mi. Ẹ má bá ọ̀dọ́mọdé onílù tí ẹ pàdé lójú ọ̀nà dúnàá dúrà. Ẹ lọ rí baálé ilé náà, kí ẹ kí i bí a ti ń kí àgbà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti iye wákàtí tí ẹ fẹ́ ẹ fún. Bí ẹ bá fẹ́ gbohùn sílẹ̀ tàbí kí ẹ ya fídíò, ẹ sọ ọ́ nígbà yẹn kan náà. Iye tí ẹ bá jọ sọ ni ẹ ó fi lé e lọ́wọ́, òun ni yóò sì pín in fún àwọn tí wọ́n lu ìlù. Mo ti rí àlejò tí ó fún ọmọ kan lówó nígbà tí àwọn mẹ́fà lu ìlù, ilé náà kò sì tòrò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀dọ́ Ọ̀làìyá:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Díẹ̀ ni tèmi. Orin wà nígboro. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ń gbé olórin jùjú, fújì tàbí àpàlà wá ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ń wá mu. Mo san owó ní ibì kan tí wọ́n kọ aago méje alẹ́ sára pátákó, aago mọ́kànlá kọjá kí olórin tó di gbohùngbohùn mú. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin lọ́sàn-án, ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni kí ẹ máa bá àwọn aládùúgbò lọ, ibẹ̀ ni àwọn olórin wa ti ń ṣe dáadáa jù lọ. Ọgbà Freedom Park tí ó wà ní apá gáréèjì àtijọ́ náà máa ń gba ayẹyẹ lóòrèkóòrè, gbangba ni, àwọn ọmọ sì lè sáré káàkiri. Ẹ máa tẹ́tí sí Orísun FM, orí rédíò ni ìkéde ayẹyẹ púpọ̀ ti ń jáde kí ó tó dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì ti ń mú àwọn ènìyàn lórí rẹ̀. Ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ fún ẹni tí ń gba owó fún un.

Ìyá Aláró:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbà á, àfi ibì kan. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kí àlejò sá fún ọdún Ọ̀ṣun. Àgbà tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ lọ sí ọjọ́ àṣekágbá, mo gbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Arugbá a ti ààfin gbé igbá lọ sí odò, èrò a pọ̀ bí omi, àwọn ọ̀dọ́ kan a sì máa na ara wọn lẹ́gba lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọdún náà gba ọjọ́ méjìlá. Ìwọ́pópó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtáọ́jà, ọba ìlú wa, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ rìn nígboro pẹ̀lú ìlù láti gbá ọ̀nà mọ́. Ẹ lè gbé àga fún Màmá sí iwájú ilé ẹni tí ẹ mọ̀, kí wọ́n wò ó bí ó ti ń kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alẹ́ àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún ní ààfin. Ojú mẹ́rìndínlógún náà a máa jó fún gbogbo òru, Àtáọ́jà, àwọn olorì àti àwọn olóyè a sì máa jó yí i ká. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọdún náà, àtùpà yìí ni n óò mú. Ẹ tètè dé kí ẹ lè rí ibi jókòó, kí ẹ sì máa lọ sílé nígbà tí oorun bá ń kun àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Aláró ni mí, aláró ni ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ìtàn ìlú wa sọ pé nígbà tí Olútìmẹ́hìn àti Láróòyè, àwọn tí wọ́n tẹ ìlú dó, gé igi tí ó wó lu odò, ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni ó fọ́, tí ohùn sì jáde láti inú omi. Aró ti wà níhìn-ín kí ilé tó wà níhìn-ín. Nítorí náà, ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán kò gbọdọ̀ gbé Òṣogbo láìti ọwọ́ bọ aró.

Oríṣi àdìrẹ mẹ́rin ni yóò bá pàdé. Oníko ni èyí tí a fi ìko di. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a rán. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí ara aṣọ. Alábẹ́là sì ni èyí tí a fi ìda tí a yọ́ lórí iná ya, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ ní ìlú wa lónìí. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́kọ, nítorí kò sí iná nínú rẹ̀, ọwọ́ sì lè lọ bí ó ti wù ú. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò èlú jáde, àwọ̀ rẹ̀ máa ń jọ ti ewé tútù díẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń fẹ́ sí i lójú yín ni yóò máa dúdú di aró. Mo ti ń wò ó láti kékeré, mo ṣì máa ń dúró wò ó.

Ibi tí ó ti lè kọ́ ọ kò ṣọ̀wọ́n. Níkẹ Davies-Okundaye dá ibi ìkọ́ni sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láìsan owó. Yàtọ̀ sí ibẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn, tí ẹ bá sì kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìkíni, wọn yóò fi iṣẹ́ hàn yín. Ilé Àdùnní ní ojú ọ̀nà Ìbòkun, ilé òkè tí a kọ́ ní àrà àwọn àgùdà, kún fún ère àti àga gbígbẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé, nítorí àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra àdìrẹ, ẹ yí aṣọ náà padà wò. Àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe máa ń fi àwọ̀ hàn ní ojú àti ní ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo máa ń funfun lẹ́yìn. Ẹ rọra fi ìka tí ẹ fi omi rẹ pa á pẹ̀lú, bí aró díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín níka, ẹ má bínú, omi iyọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ nílé.

Ọmọ Òròkí ní London:

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tí yóò ní àlejò ní oṣù kẹjọ. Àwọn olùfọkànsìn Ọ̀ṣun ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá fún ọdún náà, hòtẹ́ẹ̀lì a sì kún ní kíákíá. Bí ẹ bá ní ẹbí tí ń bọ̀, ẹ ti bá wọn gba yàrá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní amọ̀nà ní ẹnu ọ̀nà igbó. Mo san owó fún ọ̀kan ní ọdún kan, ó mú mi dé ìdí ère àkọ́kọ́, n kò sì rí i mọ́. Inú ọ́fíìsì tí ẹ ti san owó ìwọlé ni kí ẹ ti gba amọ̀nà.

Àlejò Òkè-Fìà:

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí ó wà lọ́kàn mi, kí ẹ má sì bínú sí mi. Ìjọ onígbàgbọ́ ni wá. Ọkọ mi ń bẹ̀rù pé bí a bá wọ igbó náà, a ó ní kí a kúnlẹ̀ tàbí kí a ṣe ohun tí ọkàn wa kò fẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, kò sí ìbínú níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ kúnlẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni ìyá mi, àwọn méjèèjì sì mú mi lọ síbẹ̀ ní kékeré. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àlejò ni pé kí ó má ṣe pariwo ní ojúbọ, kí ó má ya fọ́tò ẹni tí ń gbàdúrà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì bọ́ bàtà níbi tí amọ̀nà bá ti sọ pé kí ó bọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá fún àdúrà tí ẹ kò béèrè fún, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ wá wo iṣẹ́ ọnà ni, kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ.

Àlejò Òkè-Fìà:

A ti lọ o. Òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá ni a lọ sí igbó náà, ọkọ mi pẹ̀lú. Màmá jókòó sí etí odò fún ohun tí ó ju wákàtí kan lọ, ọmọ mi àgbà sì ya ère mẹ́ta. Ó ní ìwé náà kò tóbi tó. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a gba Erin-Ọ̀ṣun lọ, gẹ́gẹ́ bí Àyàn Erin ti júwe. Baálé ilé náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá ìlù bàtá bẹ̀rẹ̀, Màmá ti ara wọn sí iwájú lórí àga, wọ́n sì ń sọ oríkì Ṣàngó tẹ̀ lé ìlù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ̀ rí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn onílù náà yí ojú padà sí wọn, wọ́n sì ń lù ú fún wọn. Ọmọ mi kékeré ti gba ọjọ́ Sátidé méjì-méjì lóṣù láti máa lọ kọ́ gúdúgúdú.

Ìyá Aláró, ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kọ́ ẹlẹ́kọ, tàbí ọwọ́ rẹ̀ kéré jù?

Ìyá Aláró:

Kò kéré rárá, ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi fi ìyẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ mú àwọn méjèèjì wá. Kí olúkúlùkù mú aṣọ funfun olówùú ọ̀pá méjì, kí ẹ ti fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ara rẹ̀ ti kúrò, kí ẹ sì sá a gbẹ. Aṣọ tí wọn yóò wọ̀ sọ́rùn, kí ó jẹ́ èyí tí ó ti gbó. Ẹ tètè dé ní òwúrọ̀, nítorí ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa lójú oòrùn kí a tó ri aṣọ sínú aró, bí òjò bá sì ṣú, a ó sún un sí ọjọ́ kejì. Kí Màmá náà bá wọn wá. Mo ní àga tí ó ga díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.